Owó ta ni? Bẹ́ ẹ ṣe lè fi inṣọ́ránsì ìlera ìlú òyìnbó wé tiwa láìjẹ́ kí "ọ̀fẹ́" tàn yín jẹ

Ìjà ló bí ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa níbí nílùú Iléṣà, a lé díẹ̀ ní ogójì, àwọn tó ń taṣọ, àwọn tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ lọ́jà Atákúmọ́sà, télọ̀ méjì, mẹkáníìkì kan. Ìpàdé tó kọjá la ní ká jíròrò bóyá ká jọ wọ inṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa fi parí ẹ̀. Ni màmá kan bá dìde, ọmọ wọn obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, wọ́n ní ìlú tó dáa, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀, kò sí inṣọ́ránsì kankan. Wọn ò tíì jókòó tán tí bàbá télọ̀ fi dá wọn lóhùn, ọmọ tiwọn wà ní Houston, wọ́n ní irọ́ ni, òyìnbó wo ló ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, pé irin gún ọmọ àwọn lẹ́sẹ̀, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sibítù tó ra ọ̀kadà tuntun níbí. Ẹnì kẹta ní Kánádà ló dáa jù. Wọ́n ń fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò pinnu nǹkan kan, kálukú bá gbé báàgì ẹ̀.

Ìgbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Màmá nọ́ọ̀sì ń wo ọjọ́ tí èèyàn dé kántà tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá télọ̀ ń wo bílì tó wọlé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti jinná. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè pé owó ta ni wọ́n fi ń ṣe é, àti pé ìgbà wo lonítọ̀hún san án. Mo bá mú ìwé ọmọ mi kan, mo fa ìlà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ọjọ́ kan lọ́jọ́ kan, ọmọ yín tàbí àbúrò yín máa pè láti ìlú òkèèrè, á máa fi tiwọn yangàn sí yín létí.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí nǹkan yìí tètè yé jù. Ṣebí Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn bàbá wa. Wọ́n á gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn, wọ́n á máa gba owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó o bá fi wọ́n ṣeré, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ títí wàá fi san án. Ọjà kọ́kọ́ délé, owó ń tẹ̀lé e. Inṣọ́ránsì wá dorí ẹ̀ kodò. Owó ló ń ṣíwájú, díẹ̀díẹ̀, ọjà tó jẹ́ ìtọ́jú ń bọ̀ lẹ́yìn, àdúrà tiwa sì ni pé kí ọjà ọ̀hún má tiẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni kì í ti í wọ àwọn èèyàn wa létí. Wọ́n á ní, "Mo sanwó lódidi ọdún, orí ò fọ́ mi, owó mi ńkọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àjọ. Alájọ á kó owó tó o dá fún un padà fún ẹ lópin oṣù, á yọ ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Èésú náà, tó bá kàn ẹ́ wàá kó o. Inṣọ́ránsì ò ní "ó kàn mí" nínú. Owó tèmi tí mi ò ṣàìsàn ni wọ́n fi ń gé ìfun fún ìyá ìsọ̀ kejì, ó parí síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá wá bá yín tó ní ẹ san owó ìlera, tẹ́ ò bá ṣàìsàn ẹ máa gba gbogbo ẹ̀ padà lópin ọdún, àjọ ló ń gbà yẹn, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa.

Ó yá, ẹ mú ìwé àti bírò. Orílẹ̀-èdè yòówù kí wọ́n dárúkọ, ìbéèrè mẹ́rin ni kẹ́ ẹ bi í. Owó ta ni, ibo ló ti ń jáde kí àìsàn tó dé? Lọ́jọ́ àìsàn gan-an, èló ni wọ́n máa gbà ní kántà? Ta ló wà nínú ẹ̀, ta ni wọ́n tì síta? Ìkẹrin, kí ni kò sí nínú ẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe máa jẹ́ kéèyàn dúró pẹ́ tó? Ẹni tó bá bi ìkejì nìkan, òun ni ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" máa ń mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ti màmá nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba ní UK tí Manchester wà, ọjọ́ 5 oṣù Keje 1948 ló bẹ̀rẹ̀, Aneurin Bevan ni mínísítà ìlera wọn nígbà yẹn. Èèyàn á rí dókítà, wọ́n á dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un, á padà sílé, kò sẹ́ni tó máa na bílì sí i. Títí dé bẹ̀, òótọ́ ni màmá wí. Ẹ wá bi ìbéèrè àkọ́kọ́ wò. Owó orí ló gbé e. Wọ́n ti yọ ọ́ lára owó oṣù ọmọ yẹn kó tó fojú kàn án, wọ́n tún ń yọ ọ́ lára ohun tó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan wà lórí ìwé owó oṣù wọn tó ń jẹ́ National Insurance, orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á rò pé òun ni owó ọsibítù, bẹ́ẹ̀ apá kékeré nínú owó NHS ló ti ibẹ̀ wá, owó orí gbogbogbò ló gbé èyí tó pọ̀ jù.

Kò sì yẹ kíyẹn ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Awólọ́wọ̀ náà ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní Ìwọ̀-Oòrùn láyé 1950 síwájú, àwọn àgbà wa ṣì ń sọ ọ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé wọ́n fi kún owó orí nítorí ilé ìwé àti ìlera, àwọn èèyàn sì kùn gidi gan-an, ó wà lára ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, Action Group, fi pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954 sọ́wọ́ ẹgbẹ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn tó jẹ́ ilé wọn. Ọ̀fẹ́ yẹn lówó nínú, ẹni tó ń san án ló ń pariwo.

Ìbéèrè kẹta ló wá já ọ̀rọ̀ màmá sí méjì. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ kàwé tàbí lọ ṣiṣẹ́ ní UK, kó tó rí fisà gbà ó máa san owó kan tí wọ́n ń pè ní Immigration Health Surcharge. Láti oṣù Kejì 2024, £1,035 ni lọ́dún kan fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, ọdún tó bá wà lórí fisà ni wọ́n sì máa ń gbà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fisà iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, £3,105 nìyẹn, onítọ̀hún ò tíì dé pápákọ̀ òfurufú, kò tíì wúkọ́ rí ní ìlú wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fi fisà òṣìṣẹ́ ìlera wọlé, bíi nọ́ọ̀sì, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Ọmọ màmá ò san án, òun ló fi ń sọ fún ìyá ẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ìsọ̀kùn tó lọ ka máàsítà, tí bàbá ẹ̀ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, ẹ lọ bi bàbá yẹn bóyá ọ̀fẹ́ ni.

Ìkẹrin ńkọ́? Oògùn tí dókítà bá kọ, ní England £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọdé àtẹni tó ti pé 60 kì í san án, tó bá sì jẹ́ Wales tàbí Scotland lèèyàn ń gbé, kò ní san nǹkan kan rárá. Eyín àti gíláàsì ojú ní owó tiwọn, kódà torí pé ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó eyín àti gíláàsì ni Bevan fúnra ẹ̀ ṣe kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1951. Ìdúró wá ni bàbá gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ 18 ló yẹ kí ẹni tí dókítà bá kọ̀wé rán sí ọsibítù ńlá rí ìtọ́jú, àmọ́ àwọn tó ń dúró ní England ti lé ní mílíọ̀nù 7 láwọn ọdún tó kọjá yìí. Tí orúnkún bá ń dun màmá yín, àkókò tí màmá fi ń jẹ̀rora yẹn, owó náà ni o, a ò kàn rí i kà ni.

Ká bọ́ sí Amẹ́ríkà. Kí n má parọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka tiwọn kó tó wọlé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba inṣọ́ránsì, ogun ló sì dá a sílẹ̀, ogun àgbáyé kejì, ìjọba ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ bó ṣe wù ú, àwọn ilé iṣẹ́ wá ń fi owó ọsibítù fa òṣìṣẹ́ mọ́ra, bó ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn títí dòní. Ní 1965 Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu Medicare fún àwọn tó ti pé 65 àti Medicaid fún àwọn tí ò rí já jẹ. Ní 2010 wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Obamacare, òun ló jẹ́ kí ọmọ lè wà lábẹ́ inṣọ́ránsì òbí ẹ̀ títí á fi pé 26, wọn ò sì lè lé ẹnì kan nítorí àìsàn tó ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tí èèyàn yín ní Amẹ́ríkà bá sọ pé òun ní inṣọ́ránsì, ẹ má tíì kí i kú oríire. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin: èló ni wọ́n ń yọ lóṣù, èló lo máa kọ́kọ́ san látàpò ara ẹ kí inṣọ́ránsì tó dá sí i rárá, lẹ́yìn ìyẹn ìdá mélòó nínú bílì lo ṣì máa san, èló sì ni òpin tí wọn ò lè gbà kọjá lọ́dún kan. Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Ká ní ohun tó máa kọ́kọ́ san jẹ́ $2,000, lẹ́yìn ẹ̀ ó ń san 20%. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, bílì jẹ́ $10,000. Á san $2,000 àkọ́kọ́, ó ku $8,000, 20% ẹ̀ jẹ́ $1,600, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ $3,600, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Ẹni tó ní inṣọ́ránsì mà nìyẹn o! Tó bá tún wá ṣèèṣì lọ sọ́sibítù tí kò sí nínú àwọn tí inṣọ́ránsì ẹ̀ bá ṣe, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Tíṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, inṣọ́ránsì lè bá a lọ. Ọmọ bàbá télọ̀ tí irin gún lẹ́sẹ̀, inṣọ́ránsì wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo bi wọ́n. Ó kàn jẹ́ pé oṣù kìíní ọdún ni, kò tíì san tàkọ́kọ́ yẹn pé, gbogbo bílì bá já lé e lórí.

Àwọn yòókù ò le tó bẹ́ẹ̀. Jámánì ló pẹ́ jù lẹ́nu ẹ̀, 1883, láyé Bismarck tó jẹ́ olórí ìjọba wọn, 14.6% owó oṣù ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, òṣìṣẹ́ san ìdajì, ọ̀gá ẹ̀ san ìdajì, owó díẹ̀ tún wà lórí ẹ̀ tó yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ inṣọ́ránsì kan sí òmíì. Ìyàwó tí ò ṣiṣẹ́ àtàwọn ọmọ ń wọ̀ ọ́ láìsan àfikún, èyí wù mí gan-an. Japan ti kó gbogbo ará ìlú wọnú ẹ̀ láti 1961, àmọ́ 30% ni àgbàlagbà tó ṣì lágbára ń san ní kántà, wọ́n wá fi òpin sí ohun tó lè jáde lápò ẹ lóṣù kan kí àìsàn ńlá má bàa sọ èèyàn di tálákà.

Kánádà, owó orí ni, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó tiẹ̀. Ìpínlẹ̀ Saskatchewan ló kọ́kọ́ ṣe é, Tommy Douglas tó ti jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ ló gbé e dìde, ìgbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1962 àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23. Ẹ rí dókítà àti ọsibítù lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ oògùn tẹ́ ẹ máa lọ rà ní fámásì, eyín, àti ojú, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà lọ́rùn yín tàbí lọ́rùn ibi iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá ń lọ sí British Columbia, kó mọ̀ pé wọ́n lè ní kó dúró bí oṣù mẹ́ta kí tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó ra inṣọ́ránsì aládàáni tó máa gbé e di ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í mọ èyí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá a.

Ibi tí mo ti wá jókòó tì í gan-an ni ilẹ̀ Áfíríkà níbí, torí tá a bá fẹ́ fi ara wa wé ẹnì kan, ẹni tó ń tajà lójú títì bíi tiwa ni ká fi wé, kì í ṣe òṣìṣẹ́ Jámánì tí ọ̀gá ẹ̀ ń bá a san ìdajì. Ta ni ọ̀gá aláta? Ta ló máa bá a san ìdajì?

Gánà ṣòfin tiwọn ní 2003. Kí ìyẹn tó dé, ohun tí wọ́n ń pè ní "cash and carry" ni, kó o kówó kalẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ẹ́, àwa náà mọ̀ ọ́n dunjú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi 2.5% lé orí ọjà, wọ́n tún yọ díẹ̀ lára owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ẹni tó ń ṣòwò tara ẹ̀ wá ń san ìwọ̀nba lọ́dún. Ọmọ tí ò tíì pé 18, aláboyún, àti àgbà tó ti pé 70, wọn kì í san owó ọdọọdún yẹn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: aláta tí ò gba owó oṣù náà ń dá sí i lójoojúmọ́ tó bá ti ra nǹkan, kò kàn mọ̀ ni. Wọ́n sì lè fi fóònù tún káàdì ṣe, wọ́n á tẹ *929#, kò sí ìlà tí wọ́n ń tò.

Rwanda ló yà mí lẹ́nu jù. Mutuelle ni wọ́n ń pe tiwọn, láti abúlé ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń dáwó jọ ká ní bí ẹgbẹ́ tiwa yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú agbára ni wọ́n fi pín ìdílé: ìjọba san fún àwọn tálákà pátápátá, àwọn tó wà láàárín san 3,000 fránkì Rwanda fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ọlọ́rọ̀ san 7,000. Tó o bá dé ibùdó ìlera abúlé, 200 fránkì ní kántà, tó bá di ọsibítù, 10% bílì. Ó lé ní mẹ́jọ nínú èèyàn mẹ́wàá tó wà nínú ẹ̀. Wọn ò lówó tó wa o! Kò sí epo rọ̀bì níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé gbogbo ilé ni wọ́n fi dandan lé e fún, ẹni tó lera san, ẹni tí ara ẹ̀ ò yá san. Inṣọ́ránsì tí kìkì aláìsàn bá sáré wọ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa tú, bí ìgbà tí gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ bá fẹ́ kó èésú lóṣù kìíní ni. Kenya náà, láti oṣù Kẹwàá 2024 wọ́n ń gba 2.75% lára owó tó ń wọlé féèyàn, ẹni tó ń ṣòwò kéékèèké náà ò lè san kéré sí 300 ṣílè lóṣù.

Ó wá ku tiwa. Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun. Òfin inṣọ́ránsì ìlera Nàìjíríà ti wà láti 1999, ìgbà tó di 2005 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀. Owó ta ni? Fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n ṣètò ẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ dá 5% ìpìlẹ̀ owó oṣù, kí ìjọba dá 10%. Ó kó òun, ọkọ tàbí aya, àti ọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé 18 pọ̀. Tẹ́ ẹ bá bí mẹ́fà, ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ní kántà, 10% owó oògùn lonítọ̀hún máa san. Ní oṣù Karùn-ún 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó tún ní kí àpò owó kan wà fún àwọn aláìní. Dandan lórí ìwé nìyẹn. Ẹ dúró sí ráńdábaòtù Iléṣà níbí láàárọ̀, ẹ bi èèyàn mẹ́wàá tó bá kọjá bóyá wọ́n ní káàdì, ẹ máa mọ bí dandan ọ̀hún ṣe tó. Àwọn ìpínlẹ̀ wá ní tiwọn, Ọ̀ṣun náà ní, èyí tó wà fún àwa tá ò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnì kankan, òun ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ wọ̀.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í ṣàlàyé fáwọn èèyàn, òun ló sì ń fa ìjà lọ́sibítù. Nínú ètò tiwa, wọ́n máa ń ka orí yín fún ọsibítù tẹ́ ẹ mú, wọ́n á máa san owó péréte lórí yín lóṣooṣù, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Tẹ́ ò bá wá, èrè ni fún wọn. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóṣù kan, wọ́n ń jẹ gbèsè. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń fún oníkáàdì ní paracetamol tí wọ́n á ní "kẹ́ ẹ lọ ra ìyókù níta." Tó bá wá ju agbára wọn lọ, tó di ká gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá, bíi Wesley Guild níbí tàbí OAUTHC, ọsibítù yunifásítì lọ́hùn-ún n'Ífẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ kọ̀wé, àwọn tó ń bójú tó inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Kóòdù yìí, ẹ bi mí. Nígbà tí ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba a ní káàdì, ọmọ mi kejì bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú lálẹ́ ọjọ́ kan, a gbé e dé ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ láago méje àárọ̀, dókítà ní ká lọ ya fọ́tò inú, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ku kóòdù. Aago mẹ́jọ, ó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá, nẹ́tíwọ̀kì. Obìnrin tó wà ní kántà ń jẹ ẹ̀pà, ó ń tẹ fóònù, ó ń wò mí. Aago méjì ku díẹ̀ ni mo san owó náà fúnra mi, ọmọ ń sunkún, kóòdù dé ní aago mẹ́rin, ó sì ti kọjá lọ nìyẹn, wọn ò dá owó mi padà. Mo bínú, mo ní mi ò tún ní gbọ́ orúkọ inṣọ́ránsì mọ́ láyé mi. Mo wá ronú ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, mo rí i pé èmi náà ṣàṣìṣe: orúkọ tó dún létí ni mo fi mú ọsibítù yẹn, mi ò bi oníkáàdì kankan léèrè.

Nítorí náà, tó bá kan tiyín, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹ mú orúkọ mẹ́ta lára àwọn tó wà lórí ìwé wọn, èyí tí ọ̀kadà lè gbé yín dé lóru. Ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè láàárọ̀, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá oníkáàdì lóhùn. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ṣé wọ́n máa ń rí oògùn gbà àbí wọ́n máa ń rán wọn níta. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé tó bá di òru Sátidé, ta ni wọ́n ń pè fún kóòdù? Tó bá ti ń wo òkè, ẹ bọ́ sí ìkejì.

Lẹ́yìn náà ẹ bi àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ pé ọjọ́ wo gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tá a bá sanwó. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń ní kéèyàn dúró fún ìgbà kan, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ikùn ti ga dé àyà kó má rò pé òun lè sanwó lónìí kóun bí lọ́la. Ẹ béèrè oògùn tẹ́ ẹ ń lò ní orúkọ-orúkọ. Bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n gbé sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ọ̀hún dání, kí wọ́n fi hàn wọ́n, "èyí wà níbẹ̀?" Kí wọ́n má gba "ó máa wà níbẹ̀."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín. Ó gbọ́dọ̀ bá ti NIN mu létà sí létà. Ìyá kan lẹ́gbẹ́ wa, ọ̀kan ní Fọlákẹ́, ọ̀kan ní Afọlákẹ́, wọ́n fi A kan ṣoṣo dá wọn padà sílé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya fọ́tò káàdì sórí fóònù yín àti sórí tàwọn ọmọ. Ibà kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìjàǹbá lẹ máa kọ́kọ́ lò ó.

Ṣé ó tó owó ẹ̀? Ẹ ṣírò ohun tẹ́ ẹ ná lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe ní ọsibítù nìkan o, kẹ́míìsì ni kẹ́ ẹ wò. Èmi ṣe tèmi: ibà ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ikọ́ ọmọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì, abẹ́rẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó gún mi, ó fi díẹ̀ dín ní ₦70,000, kò tiẹ̀ sí àìsàn gidi kankan nínú ẹ̀. Mo fi wé iye tí wọ́n ní ká san fún ọdún kan, mo pa ìwé dé, mo lọ sùn.

Mo ti ka gbogbo èyí fún màmá nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ọmọ àwọn máa san tàwọn láti Manchester, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè san ti gbogbo ọdún pa pọ̀. Mo ní ó lè san án. Bàbá télọ̀ ní àwọn ń ronú sí i. Sátidé tó ń bọ̀ la tún máa jókòó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí kálukú mú NIN ẹ̀ dání àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì. Mẹkáníìkì ti ní òun ò ní sí nílé, ìyàwó òun ló máa wá.